Ìmọ́lẹ̀ àti Òòfà: Ọ̀nà Méjì tí A Fi Ń Bi Ọpọlọ Léèrè Ọ̀rọ̀

Nígbà tí a sọ fún mi pé èdè Yorùbá ni kí n fi sọ ọ̀rọ̀ yìí, ẹ̀rù kọ́kọ́ bà mí. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni mo fi kọ́ nípa ọpọlọ àti nípa ẹ̀rọ. Ṣùgbọ́n bí mo ti ń kọ ọ́ ni mo rí i pé ohun tí n kò lè sọ ní Yorùbá, n kò tíì mọ̀ ọ́n dáadáa ni.

Kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ẹni tí kò ṣe eré yìí rí ní kékeré: a gba tọ́ọ̀ṣì bàbá wa lóru, a fi àtẹ́lẹwọ́ bo ojú rẹ̀, ọwọ́ wa sì pọ́n bí ẹyin iná. Ìmọ́lẹ̀ funfun ni ó wọlé, pupa ni ó jáde. Ẹ̀jẹ̀ àti ẹran ara ti gbé àwọ̀ yòókù mì. Bí ìmọ́lẹ̀ bá tún rékọjá pupa díẹ̀, dé ibi tí ojú ènìyàn kò ti lè rí i mọ́, ó máa ń wọ inú ara jìnnà ju pupa lọ. Òun ni mo pè ní ìmọ́lẹ̀ ẹ̀yìn-pupa. Bí ẹnikẹ́ni bá ní orúkọ tí ó dùn ju èyí lọ, mo ṣetán láti gbà á.

Ní ọdún 1977, Frans Jöbsis ti Yunifásítì Duke ní Amẹ́ríkà fi hàn nínú ìwé ìròyìn Science pé ìmọ́lẹ̀ yìí lè la agbárí kọjá, kí ó sì mú ìròyìn jáde nípa ọ́síjìn inú ọpọlọ. Ìtàn tí òun fúnra rẹ̀ sọ ni pé ìdí oúnjẹ ni èrò náà ti wá, láti ara egungun ẹran pẹlẹbẹ kan tí ìmọ́lẹ̀ pupa gba inú rẹ̀ kọjá. Ní ilé tiwa, a ti fọ́ egungun náà mu mùdùnmúdùn rẹ̀ kí ó tó kan ọ̀rọ̀ ìmọ́lẹ̀.

Ẹ̀jẹ̀ tí ó gbé ọ́síjìn àti èyí tí ó ti já ọ́síjìn rẹ̀ sílẹ̀ kò ní àwọ̀ kan náà. Bí a bá tan ìmọ́lẹ̀ oríṣi méjì wọ inú orí, ọ̀kan ní nǹkan bí 760 nánómítà, èkejì ní nǹkan bí 850, ẹ̀jẹ̀ tí kò ní ọ́síjìn ni ó ń gbé ti àkọ́kọ́ mì jù, ẹ̀jẹ̀ ọlọ́síjìn ni ó sì ń gbé ti èkejì mì jù. A ó fi ojú ẹ̀rọ tí ń gba ìmọ́lẹ̀ sí nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 3 sí ibi tí ó ti wọlé. Ìmọ́lẹ̀ kì í rìn tààrà nínú ara. Ségesège ni ó ń rìn bí ẹsẹ̀ ọ̀mùtí, díẹ̀ nínú rẹ̀ a sì kan èèpo ọpọlọ, a padà jáde. Láti ara ìwọ̀n èyí tí ó jáde ni a ti ń ṣírò. Ibi tí ọpọlọ bá ti ń ṣiṣẹ́ ni ẹ̀jẹ̀ tuntun ń ya lọ, ní 1993 sì ni àwọn olùwádìí ní Japan, Jámánì àti Amẹ́ríkà fi ìmọ́lẹ̀ rí i bẹ́ẹ̀ lórí àgbàlagbà tí ara rẹ̀ le.

Ẹ̀rọ náà kò rí ju èèpo òkè lọ, ẹ̀jẹ̀ sì ń lọ́ra: ó ń tó bí ìṣẹ́jú àáyá 5 tàbí 6 kí ó tó kún dé góńgó. Ṣùgbọ́n àbùkù tí ó dà mí láàmú jù kì í ṣe èyí. Bí ẹ bá ń kọjá ní agbo ìnáwó, tí ẹ rí èrò púpọ̀ ní ojúlé kan, ẹ mọ̀ pé nǹkan ń ṣẹlẹ̀ níbẹ̀. Ẹ kò tíì mọ̀ bóyá ibẹ̀ ni wọ́n ti ń se oúnjẹ, tàbí ibẹ̀ ni àwọn tí kò ríṣẹ́ ṣe kóra jọ sí. Bí a bá fẹ́ mọ̀, àfi kí a dá ibẹ̀ dúró díẹ̀, kí a wò bóyá oúnjẹ yóò délẹ̀.

Iṣẹ́ òòfà nìyẹn. Láti ìgbà tí Michael Faraday ti ṣe àwárí rẹ̀ ní 1831 ni a ti mọ̀ pé òòfà tí agbára rẹ̀ ń yí padà máa ń bí iná mànàmáná sínú ohun tí iná lè gbà kọjá. Ọpọlọ jẹ́ ọ̀kan nínú irú ohun bẹ́ẹ̀. Ní 1985, Anthony Barker àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Sheffield, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gbé wáyà tí a ká bí òrùka sí orí ènìyàn, wọ́n rán iná ńlá gba inú rẹ̀ kọjá ní ìṣẹ́jú tí kò tó ìpajú, ọwọ́ ẹni náà sì ta gìrì láìjẹ́ pé òun fúnra rẹ̀ gbé e. A kì í la orí, a kì í sì gún abẹ́rẹ́. Síbẹ̀, ẹni tí ó ní wárápá tàbí tí irin wà nínú orí rẹ̀ kì í dédé jókòó sí abẹ́ rẹ̀ láìsí àyẹ̀wò dókítà.

Àpẹẹrẹ tí mo máa ń fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi ni ti àwọn afọ́jú tí ń fi ìka ka ìwé Braille. Ní 1996, Norihiro Sadato àti ẹgbẹ́ rẹ̀ lo ẹ̀rọ PET, tí òun náà ń tọ ipa ẹ̀jẹ̀. Wọ́n rí i pé bí ẹni tí ojú rẹ̀ ti fọ́ láti kékeré bá ń kàwé, apá ìpàkọ́ ọpọlọ, tí àwa yòókù fi ń ríran, ń ṣiṣẹ́. Ènìyàn lè ní èrò tí kò ríṣẹ́ ṣe ni. Ní 1997, Leonardo Cohen àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi òòfà da ibẹ̀ rú nígbà tí àwọn afọ́jú ń kàwé lọ́wọ́. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣì í kà. Àwọn tí ojú wọn là, tí wọ́n ń fi ìka dá lẹ́tà mọ̀, kò rí irú ìdààmú bẹ́ẹ̀. Ibẹ̀ ni a ti ń se oúnjẹ náà.

Ohun tí ó mú kí a máa so ìmọ́lẹ̀ àti òòfà pọ̀ ni pé wọn kì í jà. Ẹ̀rọ tí ń wọn iná ọpọlọ láti orí awọ a máa ya wèrè fún ìgbà díẹ̀ bí òòfà bá ṣiṣẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Okùn dígí tí ń gbé ìmọ́lẹ̀ kò tilẹ̀ mọ̀ pé òòfà wà níbẹ̀. A lè fi òòfà kan apá kan, kí a fi ìmọ́lẹ̀ wo ohun tí ẹ̀jẹ̀ ṣe níbẹ̀ tàbí ní apá kejì orí. N kò ní tàn yín: iṣẹ́ náà ní ẹ̀tàn. Òòfà ń dún pàá, ó ń gbo awọ orí, ẹ̀jẹ̀ inú awọ a yí padà, a ó sì kà á mọ́ ti ọpọlọ. Ìwádìí tí kò bá ní òòfà àdàmọ̀dì tí ń dún láìṣiṣẹ́, àti ojú ẹ̀rọ mìíràn tí ń wo awọ nìkan, n kì í tètè gba èsì rẹ̀ gbọ́.

Mo fẹ́ sọ ti ara mi. Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, ní òkè òkun, mo yọ̀ǹda orí mi fún irú ìwádìí yìí. Ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó ń so ẹ̀rọ mọ́ mi lórí fi igi tínrín ya irun mi fún bí ogójì ìṣẹ́jú, tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Níkẹyìn ó ní ìmọ́lẹ̀ tí ó jáde kò tó nǹkan; ó dúpẹ́, ó fún mi ní owó ọkọ̀, ó sì kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ nọ́ńbà mi pé a ti yọ mí kúrò. Òòfà kò bá irun mi ṣe ọ̀tá. Àtàǹpàkò mi fò lẹ́ẹ̀kan náà. Ìmọ́lẹ̀ ni kò rí mi.

Ẹ̀bi ọmọ náà kọ́. Èròjà tí ń sọ irun àti ara di dúdú a máa gbé ìmọ́lẹ̀ mì, irun tí ó ká tí ó sì kì a sì dí i lọ́nà kí ó tó kan awọ. Ṣùgbọ́n bí a bá yọ ọ̀kan níhìn-ín, méjì lọ́hùn-ún, ìwé tí yóò jáde yóò sọ̀rọ̀ nípa ọpọlọ ènìyàn, kò sì ní sọ pé orí tí irun rẹ̀ nà ni òun wò. Ẹ̀rọ tí ilé ìwòsàn ń fi há ìka láti wo ọ́síjìn, tí òun náà ń lo ìmọ́lẹ̀, ti fi ewu rẹ̀ hàn. Ìwádìí kan tí ó jáde ní Amẹ́ríkà ní 2020 wo àwọn aláìsàn tí ẹ̀rọ náà ní ọ́síjìn wọn jẹ́ 92 sí 96 nínú 100. Àìtó ọ́síjìn tí ó le fara pamọ́ nínú àyẹ̀wò 11.7 nínú 100 tí a ṣe fún àwọn aláwọ̀ dúdú, àti 3.6 nínú 100 ti àwọn aláwọ̀ funfun.

Ní abúlé Keneba ní ilẹ̀ Gáḿbíà, àwọn olùwádìí láti London àti àwọn ará ibẹ̀ ti fi ìmọ́lẹ̀ wo ọpọlọ àwọn ọmọ ọwọ́, èsì rẹ̀ sì jáde ní 2014. Agbárí ọmọ ọwọ́ fẹ́lẹ́, irun rẹ̀ kò tíì kì. Ní Japan, níbi tí ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀ ti lè ya ọ̀rọ̀ méjì sọ́tọ̀, ìwádìí 2010 kan rí i pé apá méjèèjì ọpọlọ ni ọmọ oṣù 4 fi ń gbọ́ ìyàtọ̀ náà, ṣùgbọ́n apá òsì ti ń borí lọ́dọ̀ ọmọ oṣù 10. Ìgbà wo ni ọpọlọ ọmọ Yorùbá ń ya ọkọ, ọkọ́ àti ọkọ̀ sọ́tọ̀, apá wo ni ó sì fi ń ṣe é? Ìmọ́lẹ̀ lè fi ibẹ̀ hàn wá. Bí a bá wá fẹ́ mọ̀ bóyá ibẹ̀ ni iṣẹ́ náà wà gan-an, àgbàlagbà ni a ó gbé sí abẹ́ òòfà, àgbàlagbà sì ní irun.

Ní 2020, àwọn olùwádìí ní Yunifásítì Carnegie Mellon, tí wọ́n ń wọn iná ọpọlọ, jáwọ́ nínú fífi igi ya irun. Wọ́n di irun náà ní ìlà-ìlà kí awọ orí lè hàn láàárín, wọ́n sì ṣe ẹ̀rọ tí irun dídì náà yóò dì mú. Mo ti bá obìnrin onídìrí kan ní àdúgbò mi sọ ọ́. Mo ya àwòrán fún un, sẹ̀ǹtímítà 3 láàárín ojú kan àti èkejì. Ó wò ó títí, ó ní ṣùkú kò ní ṣe é, nítorí pé àárín orí ni gbogbo ìlà rẹ̀ ń sá lọ. Kòlẹ́sẹ̀ ni kí a dì, kí ìlà lè lọ lọ́gbọọgba. Lẹ́yìn náà ni ó bi mí ní iye tí yunifásítì yóò máa san lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan. Mo ní kí ó fún mi di ọjọ́ Ajé.