Ìtọ́jú Iṣan Ìsàlẹ̀ Ìbàdí Fún Àwọn Ìyá



Ìyá kan lè wà ní abúlé tí kì í lè rẹ́rìn-ín tẹ́rùn láàrin ẹgbẹ́. Bí ó bá húkọ́ tàbí tí ó sín, ìtọ̀ a ta sí i láṣọ. Bí ó bá jẹ́ mùsùlùmí, a máa tún àlùwàlá ṣe lẹ́ẹ̀mejì lẹ́ẹ̀mẹta kí ó tó kí ìrun kan. Bí ó bá jẹ́ onígbàgbọ́, ẹ̀bá ilẹ̀kùn ni yóò jókòó sí. Omi mímu ni yóò dín kù, èyí kò sì ràn án lọ́wọ́, nítorí ìtọ̀ tí ó bá ki a máa ta àpò ìtọ̀, a sì máa mú kí ó fẹ́ tọ̀ nígbà gbogbo. Àwọn aládùúgbò yóò ní ogbó ni, tàbí pé ayé ni ó ń ṣe é. Iṣan ni ó dẹ̀.

Nísàlẹ̀ ìbàdí obìnrin, láti egungun iwájú títí dé egungun ìdí, ni àwọn iṣan kan tẹ́ sí bí ìsàlẹ̀ agbọ̀n. Àwọn ni ó gbé àpò ìtọ̀, ilé-ọmọ àti ìfun ìdí ró. Oyún a máa wúwo lé wọn lórí. Nígbà ìbímọ, wọn a nà gan-an kí orí ọmọ lè kọjá. Bí ìrọbí bá pẹ́, bí ọmọ bá tóbi, tàbí bí ìbímọ bá pọ̀, wọn lè má padà sí ipò wọn tán. Ikọ́ tí kò lọ, ìgbẹ́ líle àti ẹrù wúwo lójoojúmọ́ a tún máa fà wọ́n sílẹ̀. Nígbà mìíràn, agbọ̀n náà a dẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ilé-ọmọ fi ń sọ̀ kalẹ̀ wá sí ojú ara.

Ní 1948, dókítà ará Amẹ́ríkà kan, Arnold Kegel, kọ̀wé lórí bí obìnrin ṣe lè fi ìdárayá mú iṣan wọ̀nyí le lẹ́yìn ìbímọ. Kò náni ní kọ́bọ̀. Kí obìnrin jókòó tàbí kí ó dùbúlẹ̀, kí ó fún iṣan náà pọ̀ sókè, bí ẹni tí ó fẹ́ dá ìtọ̀ dúró tí kò sì fẹ́ kí isó jáde láàrin àwùjọ. (Ó pani lẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n bẹ́ẹ̀ gan-an ni.) Kí ó ka ení dé àrún, kí ó dẹ̀ ẹ́, kí ó sinmi fún iye bẹ́ẹ̀, kí ó sì tún un ṣe títí yóò fi di ìgbà mẹ́wàá, lẹ́ẹ̀mẹta lójúmọ́. Kí ó má ṣe sé èémí, kí ó má sì fún ikùn tàbí ìdí pọ̀. Kí ó má máa ṣe é nígbà tí ó bá ń tọ̀ lọ́wọ́, kí ìtọ̀ má baà ṣẹ́kù sínú àpò. Ẹni tí kò rí àyípadà lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan kò gbọdọ̀ jáwọ́. Oṣù mẹ́ta, ó kéré tán, ni a fi ń dán an wò.

Jíjókòó sínú omi gbígbóná kò lè fún iṣan ní agbára. Omi tí ó bá gbóná jù a sì máa bó ara tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ya. Ṣùgbọ́n ogójì ọjọ́ tí àwọn àgbà fi ń pa abiyamọ mọ́ sílé ní ọgbọ́n nínú. Ọkọ tí ó ń pọnmi tí ó sì ń ru igi ní ọjọ́ wọ̀nyí ń ṣe iṣẹ́ ìṣègùn, bí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ tilẹ̀ ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́.

Bí ilé-ọmọ bá ti ń yọ, dókítà lè fi òrùka kan gbé e ró láti inú, tàbí kí ó ṣe iṣẹ́ abẹ. Ọ̀tọ̀ pátápátá ni ọ̀ràn obìnrin tí ìrọbí rẹ̀ pẹ́ jù, tí ìtọ̀ sì wá ń ṣàn lára rẹ̀ tọ̀sán-tòru. Orí ọmọ ni ó tẹ ẹran ara mọ́ egungun títí ibẹ̀ fi kú tí ó sì lu. Ìdárayá kò lè dí ihò náà. Kí wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn láìfi ọjọ́ falẹ̀, nítorí bí ihò náà bá kéré, tí wọ́n sì tètè ki rọ́bà tí ń fa ìtọ̀ bọ̀ ọ́, ó lè dí fúnra rẹ̀. Iṣẹ́ abẹ wà fún èyí tí kò bá dí. Ìjọba àpapọ̀ ní ilé ìwòsàn tí a yà sọ́tọ̀ fún un ní Katsina àti ní Abakaliki.

Obìnrin tí ó bá ń tijú dókítà lè kọ́kọ́ sọ ọ́ fún nọ́ọ̀sì agbẹ̀bí, ní ọjọ́ tí ó bá gbé ọmọ lọ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára.