Kọ̀ǹpútà Àjùmọ̀lò: Amáánà Ni



Láti ọdún 2015, orí kọ̀ǹpútà nìkan ni a ti ń ṣe ìdánwò JAMB. Nítorí náà, ọmọ tí kò ní ẹ̀rọ nílé yóò wá èyí tí gbogbo ènìyàn jọ ń lò, ìbáà jẹ́ ní ilé-ìkàwé, ìbáà jẹ́ ní káfẹ́, láti Kabba dé Lokoja. Amáánà ni ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, ẹ̀tọ́ mẹ́ta ni ó sì ní.

Èkíní: bí ẹ bá parí iṣẹ́, ẹ jáde pátápátá kúrò nínú ímeèlì yín, kí ẹ má sì jẹ́ kí ẹ̀rọ náà pa páásíwọ́ọ̀dù yín mọ́. Ẹni tí ó jókòó lẹ́yìn yín lè fi orúkọ yín tọrọ owó.

Èkejì: bí ẹ bá bá lẹ́tà ẹlòmíràn ní ṣíṣí, ẹ pa á dé láìkà á. Ilé onílé ni. A kì í wọ̀ ọ́ láìgba àṣẹ.

Ẹ̀kẹta: ẹ má fi lu jìbìtì. Òfin tí ó de ìwà ọ̀daràn orí kọ̀ǹpútà, ti ọdún 2015, pàṣẹ pé kí káfẹ́ máa kọ orúkọ àwọn tí ń lò ó sílẹ̀. Ẹni tí ó bá lu jìbìtì níbẹ̀, ẹ̀wọ̀n ọdún 3 ni, tàbí owó ìtanràn mílíọ̀nù 1 náírà, tàbí méjèèjì.

Ènìyàn lè kọ orúkọ èké sínú ìwé káfẹ́. Kò sí èké nínú ìwé tí àwọn Màláíkà ń kọ. Ọlọ́hun kí ó ṣọ́ wa. Àmín.