Iṣan Gìgísẹ̀: Ọgbẹ́ Ńlá Tàbí Ihò Abẹ́rẹ́?

Ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹta ọdún 2010, David Beckham ń gbá bọ́ọ̀lù fún ẹgbẹ́ AC Milan. Ẹnikẹ́ni kò fara kàn án, síbẹ̀ ó dúró lójijì, ó ń tiro. Iṣan gìgísẹ̀ òsì rẹ̀ ni ó já. Ní ọjọ́ kejì, wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún un ní ìlú Turku, ní ilẹ̀ Finland. Ṣùgbọ́n ìdíje Ife Àgbáyé ọdún náà ti bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́.

Iṣan yìí ni ó so ẹran ẹ̀yìn ojúgun pọ̀ mọ́ egungun gìgísẹ̀. Kò sí iṣan tí ó nípọn tó o nínú ara ènìyàn. Bí ó bá já, ẹni náà a gbọ́ ‘pàá’, a sì rò pé wọ́n ta òun ní ìpá láti ẹ̀yìn. Kò ní lè fi orí ọmọ ìka ẹsẹ̀ náà dúró mọ́.

Láyé àtijọ́, ńṣe ni oníṣẹ́ abẹ máa ń la ẹ̀yìn ẹsẹ̀ gbọọrọ kí ó tó rán an. Bẹ́ẹ̀ ni awọ ibẹ̀ tín-ín-rín, ọgbẹ́ ibẹ̀ kì í tètè jinná, kòkòrò àrùn sì lè wọ̀ ọ́. Ní ọdún 1977, Ma àti Griffith gbé ọ̀nà mìíràn jáde: wọ́n lu ihò kéékèèké sí awọ, wọ́n sì fi abẹ́rẹ́ fa okùn gba abẹ́ rẹ̀ kọjá.

Egungun gìgísẹ̀ náà ní ìṣòro tirẹ̀. Ní ọdún 1928, Haglund, oníṣẹ́ abẹ ará Sweden, ṣàpèjúwe kókó egungun tí bàtà máa ń há mọ́ lẹ́yìn gìgísẹ̀. Lónìí, ihò méjì péré lè tó láti fá a: awò kékeré gba ọ̀kan wọlé, irinṣẹ́ gba èkejì.

Ṣé ihò kékeré wá sàn jù ni? Ní ọdún 2022, àwọn oníṣègùn ilẹ̀ Norway tẹ àbájáde ìwádìí lórí aláìsàn 526 tí iṣan wọn já. Wọ́n rán ti àwọn kan pẹ̀lú ọgbẹ́ gígùn, wọ́n rán ti àwọn mìíràn láti inú ihò kékeré, wọn kò sì fi abẹ kan àwọn ìyókù. Lẹ́yìn ọdún kan, bákan náà ni ẹsẹ̀ wọn ṣe ń ṣiṣẹ́ sí. Ṣùgbọ́n iṣan tún já fún 6.2 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tí a kò ṣiṣẹ́ abẹ fún; 0.6 péré ni ti ìsọ̀rí méjèèjì yòókù. Ní ti iṣan tí ń jẹ́ kí ẹsẹ̀ mọ ìfọwọ́kàn, ó fara pa lára 5.2 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn oníhò kékeré, àti 2.8 àwọn ọlọ́gbẹ́ gígùn. Ìdí ni pé oníṣẹ́ abẹ kì í fi ojú rí gbogbo ibi tí abẹ́rẹ́ ń gbà kọjá.

Nítorí náà, ó yẹ kí aláìsàn bi dókítà rẹ̀ léèrè ewu ọ̀nà kọ̀ọ̀kan kí ó tó fọwọ́ sí ìwé. Bí abẹ́rẹ́ ti kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìẹ.