Ẹ Jẹ́ Ká Yẹ Omi Wa Wò
(Ọ̀rọ̀ tí a sọ níbi ìpàdé gbogbogbòò ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè ìlú wa)

 

Ẹ óò rántí ohùn kan tó ń kiri lórí WhatsApp wa, pé májèlé ni fluoride inú ọṣẹ ìfọyín, pé ìkòkò alumíníọ̀mù ló ń fa àrùn ìgbàgbé. Àbúrò mi gbọ́ ọ, ló bá pè mí: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ kó gbogbo ìkòkò yẹn dànù!" Mo ní, "Ṣé ìwọ lo máa ra òmíràn fún mi?"

Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni mo ṣe títí mo fi fẹ̀yìn tì. Òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ yìí, àsọdùn náà wà níbẹ̀. Bó ṣe pọ̀ tó ni ká máa béèrè.

Inú àpáta ni fluoride ti ń wọ inú omi kànga. Tó bá mọ níwọ̀n, ó ń dáàbò bo eyín. Tó bá pọ̀ jù nígbà tí eyín ọmọ kò tíì yọ, eyín yẹn á ní àbààwọ́n títí ayé. Tó bá wá pọ̀ gan-an fún ọ̀pọ̀ ọdún, á mú egungun àti oríkèé. Ìwọ̀n tí Àjọ Ìlera Àgbáyé fi lélẹ̀ ni mílígíráàmù 1.5 nínú lítà omi kan. Ní Langtang, ní Ìpínlẹ̀ Plateau, ó ti pẹ́ tí àwọn dókítà ti ń rí irú eyín bẹ́ẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni, sísè kì í lé e kúrò: omi ló ń gbẹ, fluoride á kù síbẹ̀.

Ẹ má da ọṣẹ ìfọyín nù o. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún 3, bíi hóró ìrẹsì kan ti tó o. Ẹ kọ́ ọ kó máa tu ú dànù, kó má gbé e mì.

Ó ku alumíníọ̀mù. Kíndìnrín tó bá dá ṣáṣá ń tọ̀ ọ́ dànù. Kò sí ẹ̀rí tó dájú pé ìkòkò ló ń fa àrùn ìgbàgbé. Èyí tó ń bà mí lẹ́rù ni ìkòkò tí wọ́n fi àlòkù irin ọkọ̀ àti páànù yọ́ dà. Àwọn onímọ̀ yẹ irú rẹ̀ wò ní Kamẹrúùnù, wọ́n bá òjé níbẹ̀, òjé sì ń ba ọpọlọ ọmọdé jẹ́. Ẹ má jẹ́ kí ọbẹ̀ tòmátì tàbí ògì sun inú rẹ̀ mọ́jú.

Álọ́ọ̀mù tí àwọn ìyá wa ń fi tọ́ omi odò ńkọ́? Díẹ̀ ò burú. Ṣùgbọ́n ní Camelford, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, lọ́dún 1988, awakọ̀ kan ṣèèṣì da tọ́ọ̀nù 20 irú kẹ́míkà bẹ́ẹ̀ sínú táǹkì omi tí ará ìlú ń mu. Ó lé ní ọ̀sẹ̀ méjì kí wọ́n tó là á yé aráàlú. Àṣìṣe yẹn burú, àmọ́ ìdákẹ́ yẹn ló dùn wọ́n jù.

Ohun tó gbé mi dìde gan-an nìyí. Borehole 3 ni ẹgbẹ́ wa ti gbẹ́. A kùn wọ́n, a kọ orúkọ àwọn tó dáwó sí wọn lára, a ya fọ́tò. Kò sẹ́ni tó gbé omi wọn lọ sí lábù rí. Èmi náà wà nínú ìgbìmọ̀, mi ò béèrè. Ẹ̀bi tèmi náà ni.

Àbá mi ni pé, kí a tó gbẹ́ ìkẹrin, ká yẹ omi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wò, ká sì gbé èsì rẹ̀ síta lórí WhatsApp wa, ìbáà dùn, ìbáà korò. Ẹgbẹ̀rún kan náírà ni mo fi bẹ̀rẹ̀ ìdáwó rẹ̀ báyìí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín, owó ìfẹ̀yìntì ni.

Àwọn baba wa ní omi ò lọ́tàá. Òótọ́ ni. Ẹ jẹ́ kí àwa náà rí i dájú pé omi tí à ń fún àwọn ọmọ wa mu kì í ṣe ọ̀tá wọn.

 Ìlú wa á dára.