Ilé Omi ní Èkó: Ìròyìn Ìrìnàjò sí Erékùṣù tí Àwọn Potogí Pè ní Lagos

(Ọ̀rọ̀ tí a sọ níwájú àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ní ìpàdé ọdọọdún, ní Iléṣà)

 

Ẹgbẹ́ rán àwa mẹ́ta níṣẹ́ pé kí a lọ sí Èkó, kí a rin ìlú náà bí àlejò tí kò dé ibẹ̀ rí, kí a sì padà wá jíṣẹ́ ohun tí ojú wa bá rí. Nígbà tí àwọn kan gbọ́, wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní ọmọ Ìjẹ̀ṣà wo ni kò mọ Èkó? Òótọ́ ni. Láti ayé àwọn òṣómàáló ni àwa ti ń ná ọjà Èkó. A mọ Balógun, a mọ Ìdúmọ̀tà, a sì mọ ìsọ̀ tí a ti ń gba ọjà àwìn. Ṣùgbọ́n ọjà ni a mọ̀, a kò mọ ìlú. Ẹni tí ẹrù wà lórí rẹ̀ kì í gbójú sókè wo òrùlé.

A gba Ìbàdàn lọ. Afárá gígùn tí a ṣí ní ọdún 1990 ni a gbà wọ erékùṣù náà. Oòrùn mú janjan, ọ̀sà sì ń dán bí dígí ní ọ̀tún àti ní òsì. Níbẹ̀ ni a ti rántí pé orúkọ méjì ni ìlú yìí ń jẹ́. Èkó ni àwọn Bìní pè é, nítorí pé ibùdó ogun wọn ni. Lagos ni àwọn Potogí pè é, àwọn tí ọkọ̀ wọn kọ́kọ́ kan etíkun wa ní nǹkan bí ọdún 1472. Adágún tàbí ọ̀sà ni ọ̀rọ̀ náà túmọ̀ sí ní èdè wọn. Ìlú kan wà ní etíkun ilẹ̀ Potogí tìkára rẹ̀ tí ń jẹ́ Lagos pẹ̀lú.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe àwọn Potogí ni wọ́n kọ́ àwọn ilé tí a lọ wò. Ọmọ wa ni wọ́n kọ́ wọn. Àwọn tí a kó lẹ́rú lọ sí Bràsíìlì, tí wọ́n kọ́ èdè Potogí àti iṣẹ́ ọwọ́ níbẹ̀, tí wọ́n sì ra ara wọn padà, ni wọ́n tún òkun là bọ̀ wá sílé. Lẹ́yìn ọ̀tẹ̀ tí àwọn ẹrú dì ní Bahia ní ọdún 1835, ìpadàbọ̀ wọn pọ̀ sí i. Àwọn ará Èkó pè wọ́n ní Àgùdà, wọ́n sì pe àdúgbò wọn ní Pópó Àgùdà. Bíríkìlà wà nínú wọn, káfíńtà wà, télọ̀ wà. Títí di òní, orúkọ bíi Da Silva, Pereira àti Campos kò ṣàjèjì ní Èkó, ìdílé wọn sì ń fi omi àgbọn se ẹ̀wà tí wọ́n ń pè ní fùrèjọ̀ọ̀n ní ọjọ́ Ẹtì tí ó ṣáájú Àjíǹde.

Ẹ jẹ́ kí a ṣàpèjúwe iṣẹ́ wọn. Ilé wọn a máa nípọn lára, àjà rẹ̀ a ga, fèrèsé rẹ̀ a pọ̀, kí atẹ́gùn lè wọlé nígbà tí oòrùn bá mú. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ a la ilé já láti iwájú dé ẹ̀yìn, yàrá a wà ní ọ̀tún àti òsì. Wọ́n a fi sìmẹ́ńtì ya òdòdó sí orí ilẹ̀kùn àti fèrèsé. A dé Mọ́sáláṣí Shitta-Bey, tí a ṣí ní oṣù Keje ọdún 1894. Mohammed Shitta Bey ni ó náwó rẹ̀. João Baptista da Costa, ọ̀gá bíríkìlà Àgùdà, ni ó kọ́ ọ. Mùsùlùmí ni ẹni tí ó gbé iṣẹ́ fún un, wọn kò sì bá ara wọn jà.

Láti ibẹ̀ ni a ti lọ sí Kakawa, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ sì ti kàn wá gbọ̀ngbọ̀n. Ilé pẹ́tẹ́ẹ̀sì kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Ilé Omi. Ẹni tí ó ni ín ni João Esan da Rocha, ọmọ Ìjẹ̀ṣà. Ọmọ nǹkan bí ọdún 10 ni nígbà tí a mú un lẹ́rú ní nǹkan bí ọdún 1840, tí a sì tà á sí Bahia. Lẹ́yìn nǹkan bí 30 ọdún, ó padà dé pẹ̀lú aya rẹ̀. Kànga tí ó wà ní ilé náà ni àwọn ará Èkó ti ń ra omi mímu kí omi ẹ̀rọ ìjọba tó dé. Ìdí nìyí tí ilé náà fi ń jẹ́ orúkọ yìí. Ọmọ rẹ̀, Candido da Rocha, tí a bí ní Bahia ní ọdún 1860, di ọ̀kan nínú àwọn olówó tí orúkọ wọn ròkè jù ní Èkó. Ó sì jẹ oyè Lodifi ti Iléṣà kí ó tó kú ní ọdún 1959.

Ẹ̀yin ará, gbogbo wa ni a mọ ìtàn Àjíbógun, ẹni tí ó lọ bu omi òkun wá kí ojú Odùduwà lè là, tí a fi ń pe Ọwá wa ní Obòkun. Ọmọ Obòkun mìíràn rèé, tí a fi ẹ̀wọ̀n fà lọ sí òkun, tí ó padà wá fún ìlú lómi mu. Mélòó nínú wa ni ó ti ń kọjá lẹ́bàá ilé rẹ̀ láti ọdún yìí wá, tí kò mọ̀ pé ilé ọmọ ìyá òun ni?

Ní òpópónà kan nítòsí ibẹ̀, a dúró wo ilé àtijọ́ mìíràn. Bàbá àgbàlagbà kan tí ó jókòó ní ẹnu ọ̀nà kí wa, ó sì bi wá pé, "Ẹ̀yin ọmọ mi, ṣé ẹ fẹ́ rà á ni?" A dọ̀bálẹ̀, a ní, "Rárá o, bàbá, a kàn wá wò ó ni." Bàbá ní, "Àwọn tí wọ́n ń wò ó, àwọn tí wọ́n fẹ́ wó o ni." Ọ̀rọ̀ yìí kò kúrò lọ́kàn wa. Àwíjàre sì kọ́ ni. Ilé kan wà ní ojúde Tinúbú tí ìdílé Fernandez kọ́, tí a wá ń pè ní Ilojo Bar. Ìjọba kéde rẹ̀ ní ọdún 1956 pé ohun ìrántí orílẹ̀-èdè ni. Síbẹ̀síbẹ̀, ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2016, a wó o palẹ̀.

Kí ni èyí kàn wá ní Iléṣà? Ó kàn wá púpọ̀. Àwọn bíríkìlà Àgùdà kọ́ ọmọṣẹ́, ọmọṣẹ́ kọ́ ọmọṣẹ́, iṣẹ́ náà sì bá ọ̀nà ọkọ̀ ojú irin àti owó kòkó wọ inú ilẹ̀. Nígbà tí àwọn òṣómàáló wa jèrè, pẹ́tẹ́ẹ̀sì irú ti Èkó ni wọ́n kọ́ sílé. Ẹ wo ilé àwọn bàbá wa: òpó tí a fi sìmẹ́ńtì gbẹ́, òdòdó orí fèrèsé, ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí ó la ilé já. Àwa ń tì wọ́n pa, à ń jẹ́ kí òjò wọlé, à ń wó wọn kọ́ ìsọ̀.

A kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni máa gbé inú ilé tí ń jò. A mọ̀ pé ilé ẹbí ni, pé àwọn tí ó jogún rẹ̀ pọ̀, pé páànù wọ́n. Ṣùgbọ́n ẹ wo Òṣogbo, aládùúgbò wa. Ilé pẹ́tẹ́ẹ̀sì irú ti Àgùdà kan wà ní ọ̀nà Ìbòkun tí Susanne Wenger gbé títí ó fi kú ní ọdún 2009. Àwọn ènìyàn ti ọ̀nà jíjìn wá wò ó, bí wọ́n ti ń wá wo igbó Ọ̀ṣun, tí àjọ UNESCO kọ sínú ìwé ogún àgbáyé ní ọdún 2005. Ohun tí a bá tọ́jú ni àlejò ń bẹ̀ wò.

Nítorí náà, ohun mẹ́ta ni a ń bẹ̀bẹ̀ fún. Èkíní, kí ẹgbẹ́ ya fọ́tò gbogbo ilé àtijọ́ ìlú yìí, kí a kọ orúkọ ẹni tí ó kọ́ ọ, ti bíríkìlà rẹ̀, àti ọdún rẹ̀, nígbà tí àwọn àgbà tí ó mọ̀ ọ́n ṣì wà láàyè. Èkejì, kí ìdílé tí ó bá fẹ́ wó ilé bàbá wọn kọ́kọ́ fi tó ẹgbẹ́ létí, bóyá a ó rí ọ̀nà àbáyọ. Ẹ̀kẹta, kí ẹ̀yin tí ẹ wà ní ìdálẹ̀ dá owó jọ láti tún ilé kan ṣoṣo ṣe, kí ó jẹ́ ibi tí àwọn ọmọ wa yóò ti máa kàwé, tí a ó sì kó àwọn fọ́tò náà sí.

Ẹni tí kò dé oko bàbá ẹlòmíràn ní í sọ pé kò sí oko tí ó tó ti bàbá òun. Àwa ti dé oko ẹlòmíràn. A sì bá iṣẹ́ ọwọ́ ọmọ bàbá wa níbẹ̀. Ẹni tí ó bá tún ń lọ ra ọjà ní Èkó lọ́sẹ̀ tí ń bọ̀, kí ó jọ̀wọ́ sọ ẹrù kalẹ̀ díẹ̀, kí ó ya Kakawa.