Ọmọ Tí Yóò Kọ́ Iṣẹ́ Ẹ̀rọ ní Ìlọrin

Ọ̀rọ̀ mi kan ọmọ tí ó fẹ́ lọ kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ ní Yunifásítì Ìlọrin, ilé ẹ̀kọ́ tí a dá sílẹ̀ ní 1975. Ọdún márùn-ún ni ẹni tí ó ti ilé-ìwé girama wá yóò lò níbẹ̀. Ìṣirò pọ̀ nínú rẹ̀, n kò ní tàn yín. Ṣùgbọ́n àwọn òbí mìíràn wà tí inú ń bí nígbà tí ọmọ wọn bá ti yunifásítì dé pẹ̀lú girísì lọ́wọ́. Wọn a ní, "Ṣé mẹkáníìkì ni mo rán ọ lọ kọ́ ni?"

Ẹ jẹ́ kí n fi ẹ̀gúsí dá wọn lóhùn.

Gbogbo wa ni a mọ bí a ti ń fi èékánná bó ẹ̀gúsí títí orí ìka yóò fi máa ta wá. Bí ọmọ kan bá fẹ́ ṣe ẹ̀rọ tí yóò bó o, ibo ni yóò ti bẹ̀rẹ̀? Kì í ṣe lára irin o. Ara ẹ̀gúsí ni. Báwo ni ó ti gùn tó? Báwo ni ó ti nípọn tó? Agbára wo ni yóò fọ́ èèpo tí kò ní fọ́ inú rẹ̀? Ọ̀jọ̀gbọ́n Mákanjúọlá ti Yunifásítì Ifẹ̀, ẹni tí ó ṣe ẹ̀rọ tí ń gún iyán, jókòó ti ẹ̀gúsí, ó wọ̀n ọ́n, ó sì tẹ ohun tí ó rí jáde ní 1972. Ní 1979, Ọ̀jọ̀gbọ́n Odigboh ti Nsukka tẹ àlàyé ẹ̀rọ kan jáde: irin kan ń yí nínú rẹ̀, ó ń sọ ẹ̀gúsí lu ògiri irin tí ó yí i ká, èèpo a sì là.

Bí ẹ̀gúsí bá gbẹ jù, inú rẹ̀ a máa rún mọ́ èèpo. Nítorí náà ni a ṣe ń wọ́n omi sí i, tí a sì ń jẹ́ kí ó gbẹ díẹ̀, kí a tó dà á sínú ẹ̀rọ. Omi náà yóò ti pọ̀ tó? Báwo ni kí ẹ̀rọ ti sáré tó? Ọmọ tí ó wà ní ọdún àṣekágbá lè mú ìbéèrè kan ṣoṣo yìí, kí ó dán an wò ní ogún ìgbà, kí ó sì máa kọ ọ́ sílẹ̀. Bí ẹ̀gúsí bá tilẹ̀ rún ní ìgbà mọ́kàndínlógún, àkọsílẹ̀ náà kò ṣòfò. Òun gan-an ni ìwádìí.

Ìwọ ọmọ Ìlọrin, o sún mọ́ ọ ju bí o ti rò lọ. Ní Ìdòfìàn, ní nǹkan bí ogún kìlómítà sí Ìlọrin lójú ọ̀nà Lokoja, ni ilé-iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tí ń ṣe ìwádìí ẹ̀rọ oko wà, NCAM. Ètò SIWES tí a dá sílẹ̀ ní 1973 sì ń rán ọmọ tí ń kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ jáde fún oṣù mẹ́fà. Tètè kọ ìwé béèrè àyè. Má ṣe lọ sí ibi tí wọn yóò ti máa rán ọ ra oúnjẹ láti àárọ̀ dalẹ́. Wá ibi tí wọ́n ti ń gé irin, tí wọ́n ti ń jó o pọ̀. Bí wọ́n bá sì gbà ọ́, bàtà tí ó bo ọmọ ìka ẹsẹ̀ ni kí o wọ̀ lọ.