Ọmọ Tí Ara Ń Yún: Ọ̀rọ̀ Tí A Sọ Ní Ìpàdé Ẹ̀ka Wa Ní Ìbà

Akọ̀wé wa ni ó ní kí n wá sọ̀rọ̀ fún 20 ìṣẹ́jú lórí àìsàn awọ ara tí ó ń da ọmọdé láàmú, nítorí ó mọ̀ pé ọmọbìnrin mi, tí ó pé ọdún mẹ́rin báyìí, ti ń bá a fà á láti ìgbà tí ó ti wà ní ọmọ oṣù mẹ́ta. Èmi kì í ṣe dókítà. Òṣìṣẹ́ bí i tiyín ni mí, abiyamọ sì ni mí pẹ̀lú. Ohun tí mo gbọ́ lẹ́nu àwọn dókítà awọ ara, àti ohun tí àìsùn òru kọ́ mi, ni mo mú wá.

Ẹ́kísímà ni àwọn oníṣègùn ń pe àìsàn náà. Àwọn elégbòogi wa kan ń pè é ní àléfọ́, àwọn mìíràn ní ìfo ni. Ṣùgbọ́n láti Ìyànà Ìbà títí dé Òkókómaíkò, kúrúnà ni aládùúgbò máa ń kọ́kọ́ pè é, ibẹ̀ gan-an ni wàhálà sì ti ń bẹ̀rẹ̀. Iṣẹ́ kòkòrò tín-ín-rín kan tí ń gbẹ́ ihò sí abẹ́ awọ ni kúrúnà, ó sì ń ràn. Bí ó bá wọ ilé, bàbá, ìyá àti ọmọ ni yóò jọ máa họra lóru, pàápàá láàrin ìka ọwọ́. Ẹ́kísímà kì í ràn. Ọmọ mi àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti ń sùn pọ̀ lórí ẹní kan náà láti ọdún mẹ́rin, kókó kan ṣoṣo kò sí lára ẹ̀gbọ́n. Síbẹ̀, ilé ìtọ́jú ọmọ kan dá a padà fún mi ní agogo mẹ́jọ òwúrọ̀, wọ́n ní àwọn ìyá yòókù kò fẹ́ kí ó bá ọmọ àwọn ṣeré. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní ìsọ̀ iṣẹ́ wa lọ́jọ́ náà rántí ọmọ tí ó sùn lórí páálí lẹ́yìn tábìlì.

Kí ni ó ń fà á? Ẹ wo ògiri tí a fi búlọ́ọ̀kù mọ. Bí símẹ́ǹtì àárín búlọ́ọ̀kù kò bá tó, òjò yóò máa wọlé. Awọ ọmọ ẹlẹ́kísímà rí bẹ́ẹ̀: omi inú rẹ̀ ń jáde, ọṣẹ, eruku àti kòkòrò ń ráyè wọlé, ara sì ń bá wọn jà, ìjà náà ni ó ń yún un. Ní ọdún 2006, àwọn onímọ̀ ní Dundee, ní ilẹ̀ Scotland, fi hàn pé àbùkù àbínibí lára èròjà awọ kan tí a ń pè ní filaggrin wà lẹ́yìn púpọ̀ nínú ẹ́kísímà àwọn aláwọ̀ funfun. Àbùkù yẹn kò wọ́pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ láàrin àwa aláwọ̀ dúdú, ṣùgbọ́n lọ́dọ̀ tiwa náà, àìsàn yìí máa ń tẹ̀lé ìdílé tí ikọ́ fée tàbí ọ̀fìnkìn aláìlópin bá wà. Nítorí náà kí ìyá ọkọ má ṣe sọ pé ohun tí ìyàwó jẹ nínú oyún ni ó fà á, kí ìyàwó náà má sì máa wo ìyá ọkọ bí àjẹ́.

Bí ẹ bá rí àwòrán rẹ̀ nínú ìwé òyìnbó, yóò máa pọ́n bí ata. Lára àwọn ọmọ tiwa kì í sábà pọ́n: ó máa ń dúdú, tàbí kí ó rí bí eérú, pẹ̀lú kókó wẹ́wẹ́, ibi tí ọmọ bá sì ti ń họ pẹ́ yóò nípọn bí awọ ìlù. Bí ó bá san tán, àpá dúdú tàbí àpá funfun lè wà níbẹ̀ fún oṣù mélòó kan. Àpá kì í ṣe àìsàn, kò sì gba bíbó ara.

Ọ̀rọ̀ ìwẹ̀ ló kù, ibẹ̀ ni èmi àti ìyá mi ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jà. Omi gbígbóná, kànrìnkànrìn àti ọṣẹ dúdú ni àwọn ìyá wa fi tọ́ wa, ó sì yẹ wá. Ṣùgbọ́n eérú inú ọṣẹ dúdú ń gbẹ awọ tí kò lágbára, kànrìnkànrìn ń ṣí i, oògùn apakòkòrò tí a ń dà sómi ìwẹ̀ ń ta á. Omi lọ́wọ́ọ́wọ́, ọwọ́ lásán, ọṣẹ tí kò ní lọ́fínńdà, ìṣẹ́jú márùn-ún sí mẹ́wàá, ó parí. Kí ẹ fi aṣọ rírọ̀ tẹ omi kúrò, ẹ má nu ún, kí ẹ sì fi òrí tàbí fásílìnì pa á kí ara tó gbẹ. Ẹ pa á dáadáa! Ìlànà tí àwọn dókítà ń lò ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni pé kí ọmọ ẹlẹ́kísímà máa lo 250 sí 500 gíráàmù ìpara lọ́sẹ̀ kan. Ẹni tí ó bá ń ra kóló kékeré tí ó ní òun ti ń pa á, ó ń tan ara rẹ̀ ni. Ìdí nìyí tí mo fi ń lọ ra òrí lọ́pọ̀ lọ́jà: ó pọ̀ ju ti inú kóló lọ, kò sì ní òórùn àtọwọ́dá.

Lóru, èékánná gígé, aṣọ òwú fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, àti ìbọ̀sẹ̀ mọ́ ọwọ́ ọmọ. Ooru àti òógùn ń bí àìsàn yìí nínú, ọyẹ́ náà ń gbẹ ẹ́. Èkó kò fẹ́ràn ọmọ ẹlẹ́kísímà. Èéfín jẹnẹrétọ̀ ilé tó kángun sí tiyín àti èéfín oògùn ẹ̀fọn tún ń dá kún un. Èmi àti bàbá rẹ̀ pín òru sí méjì, ẹnìkan títí di agogo méjì, ẹnìkan títí di àfẹ̀mọ́jú, nítorí ẹni tí kò bá sùn kò yẹ kí ó fi ọwọ́ kan ẹ̀rọ láàárọ̀.

Nísinsin yìí, ìpara tí ó ní sìtẹ́rọ́ìdì. Láti ọdún 1952 ni àwọn dókítà ti ń fi irú rẹ̀ wo awọ ara, bí dókítà bá sì wọ̀n ọ́n fún ọmọ, ẹ má bẹ̀rù rẹ̀. Ìwọ̀n rẹ̀ rọrùn: èyí tí ó bá gùn láti ṣóńṣó ìka ìfábẹ̀lá àgbà dé oríkèé àkọ́kọ́ tó fún ibi tí ó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́ àgbà méjì. Ohun tí ó yẹ kí ẹ bẹ̀rù ni túùbù tí wọ́n ń tà ní ṣọ́ọ̀bù oògùn láìbéèrè, èyí tí wọ́n da sìtẹ́rọ́ìdì líle, oògùn làpálàpá àti oògùn kòkòrò pọ̀ mọ́ ara wọn. Láàrin ọjọ́ mẹ́ta ara á dán, ìyá á yọ̀. Lẹ́yìn oṣù mélòó kan awọ á fẹ́lẹ́ bí bébà, á sì máa là. Irú sìtẹ́rọ́ìdì yìí kan náà ni ó wà nínú ọ̀pọ̀ ìpara ìbóra. Ọ̀jọ̀gbọ́n Yetunde Olumide ti Ìdí-Àràbà kọ̀wé lórí ibi tí ìbóra ń ṣe fún awọ wa ní ọdún 2008, àwa sì ń ra á fún ọmọ ọwọ́.

Oúnjẹ ńkọ́? Ẹyin ni ara ọmọ mi kọ̀ ní tòótọ́. Láàrin ìṣẹ́jú mélòó kan ètè á wú, kókó á sú sí i lára. Nítorí náà n kì í jẹ́ kí ó jẹ ọ̀lẹ̀lẹ̀ ẹlẹ́mìí méje lóde ìnáwó, kéèkì pẹ̀lú. Bí ọmọ bá jẹ nǹkan tí ètè tàbí ahọ́n rẹ̀ wú, tí ó ń bì, tí mímí sì ń le fún un, ẹ má ṣe dúró wá epo pupa: ilé ìwòsàn ni, abẹ́rẹ́ adrenaline ni ó ń gbà á. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ọmọ ẹlẹ́kísímà ni oúnjẹ ń bá jà. Mo mọ ìyá tí ó dá ẹyin, ẹja, ẹ̀wà, ẹ̀pà àti wàrà dúró lẹ́ẹ̀kan náà, tí ẹ̀kọ lásán kù fún ọmọ. Ìyẹn ni ọ̀nà kwashiorkor, orúkọ tí Dókítà Cicely Williams mú láti inú èdè Gã ní Gold Coast tí ó sì kọ sínú ìwé ìròyìn oníṣègùn ní ọdún 1935.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀pà tilẹ̀ yani lẹ́nu. Ní ọdún 2003, Gideon Lack àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù rí i pé àwọn ọmọ tí a fi ìpara olóròóró ẹ̀pà pa lára máa ń di ẹni tí ẹ̀pà ń bá jà. Ní 2015, wọ́n gbé àbọ̀ ìwádìí mìíràn jáde lórí ọmọ 640, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ nígbà tí àwọn ọmọ náà wà láàrin oṣù 4 sí 11, tí ẹ́kísímà líle tàbí ọ̀ràn ẹyin wà lára wọn. Nínú àwọn 530 tí àyẹ̀wò awọ kò rí ẹ̀pà mú lára wọn ní ìbẹ̀rẹ̀, ìdá 13.7 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tí kò jẹ ẹ̀pà ni ẹ̀pà ń bá jà nígbà tí wọ́n pé ọdún márùn-ún. Àwọn tí ó ń jẹ ẹ́, ìdá 1.9 péré. Ẹnu ni ọ̀nà ẹ̀pà, kì í ṣe awọ. Ẹ má fi òróró ẹ̀pà pa ọmọ lára. Bí dókítà bá ti yẹ̀ ẹ́ wò, kí ẹ lọ̀ ọ́ kúnná sínú ẹ̀kọ, kì í ṣe kóró, kí ó má baà há a lọ́fun.

Ó ku ohun tí ó kan ẹgbẹ́. Láti ọdún 2005 ni ètò ìlera ìjọba àpapọ̀ ti ń bo òṣìṣẹ́, aya tàbí ọkọ rẹ̀, àti ọmọ mẹ́rin tí kò tí ì pé ọdún 18. Òfin ọdún 2022 sì sọ ọ́ di dandan. Ní ìpínlẹ̀ Èkó, Ìlera Èkó wà. Ẹ bi ọ́fíìsì yín bóyá orúkọ ọmọ yín wà nínú rẹ̀. Lẹ́yìn náà, mo bẹ akọ̀wé kí ó kọ ohun méjì sílẹ̀ fún ìpàdé wa pẹ̀lú àwọn ọ̀gá: kí a ka ìpara awọ tí dókítà bá kọ kún oògùn, kì í ṣe ohun ìṣaralóge, kí a sì gba òbí tí ọmọ rẹ̀ ń ṣàìsàn láyè láti fi iṣẹ́ òru ṣe pàṣípààrọ̀ pẹ̀lú ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ láìgé owó. Ẹni tí ó bá fẹ́ rí bí a ṣe ń wọn ìpara lórí ìka, kí ó dúró dè mí bí ìpàdé bá tán. Túùbù kan wà nínú báàgì mi.